Ọ̀já Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ọ̀já mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fọ̀ ní Sátidé yẹn. Mo kà wọ́n nígbà tí mo ń kó wọn sómi, mo kà wọ́n nígbà tí mo ń sá wọn, mo sì tún kà wọ́n nígbà tí mo lọ̀ wọ́n tán. Ọ̀kan ò dín, ọ̀kan ò lé. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀ ní Ìgàndó. Aṣọ oníbàárà kan ò sọnù lọ́wọ́ mi rí, n kò sì fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ló kó àwọn ọ̀já náà jọ. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè máásítà nínú iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì. Kó tó padà sílé ìwé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Iṣẹ́ gidi ni, oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó fún un. Ó fi í sílẹ̀. N kò bá a jiyàn púpọ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ibi tí ó ń lọ sì ti kọjá ibi tí mo dé. Bàbá rẹ̀ tí ì bá bá a sọ̀rọ̀ ti kú láti ìgbà tí ó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Ẹ̀kọ́ náà kò rọrùn fún un. Ó kọ́kọ́ fẹ́ gbẹ́ igi, wọ́n ní ẹlòmíràn ti ṣe irú rẹ̀. Ó ní kí òun ya àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó nítorí títì, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà kò jinlẹ̀. Báyìí ni àkókò tí wọ́n fún un ṣe pé lórí rẹ̀. Wọ́n fi ọdún kan kún un, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kò ní sí àfikún mìíràn. Mo ka lẹ́tà náà fúnra mi lẹ́ẹ̀mejì. Bí iṣẹ́ kẹta yìí kò bá yọrí, ẹ̀kọ́ náà parí nìyẹn, láìsí oyè, láìsí iṣẹ́ olùkọ́ tó ti fi sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kan ó dé láti ilé ìwé, kò tíì gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ tí ó fi bi mí pé, “Mọ́mì, ọ̀já tí ẹ fi pọ̀n mí dà?”

Mo ní, “Mo ti fi nulẹ̀ títí ó fi já.”

“Ẹ fi nulẹ̀?”

“Ṣé o ṣì fẹ́ kí n pọ̀n ọ́ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dùn ún díẹ̀. Ó wá ṣàlàyé. Ó ní bí obìnrin bá ti fi ọ̀já kan pọn ọmọ fún ọdún kan àbọ̀, aṣọ náà á ti mọ ara rẹ̀. Ibi tó máa ń so kókó sí á ti ká, kò ní nà mọ́. Ibi tí ìdí ọmọ ń jókòó sí á ti fẹ̀. Òógùn ìyá àti ìtọ̀ ọmọ á ti wọ ojú kan náà. Ó ní kò sí obìnrin méjì tí ọ̀já wọn ká bákan náà, àti pé òun máa gba ọ̀já tí àwọn ìyá kò lò mọ́, òun á gbé wọn kọ́ sára ògiri bí wọ́n ṣe wà. Ó sọ “bí wọ́n ṣe wà.” N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Agbádá funfun kan ni mo ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́, ojú mi sì wà lára ọrùn rẹ̀. Mo ní, “Ó dáa,” mo wọ́n omi sí i.

Lọ́tẹ̀ yìí olùkọ́ rẹ̀ gbà. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ mi fi rìn káàkiri Ìgàndó, Ìkòtún, Ìdímù àti Ìṣẹ̀rí-Olófin tó ń tọrọ ọ̀já. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó ń ta oògùn òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń sọ pé, “Ìyá Alágbàfọ̀, ọmọ yín tó kàwé tó báyìí, tó wá ń ṣa ọ̀já kiri, ṣé olùkọ́ rẹ̀ ló fẹ́ pọ̀n ni?” Èmi á rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fèsì púpọ̀.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì géérégé kí ìdánwò rẹ̀ tó pé, ó lọ sí yunifásítì láti lọ wọn ògiri gbọ̀ngàn àfihàn. Ó gbé àpò àwọn ọ̀já náà sí kọ̀rọ̀ yàrá mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó o. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Sátidé, oòrùn ràn dáadáa, mi ò sì ní aṣọ oníbàárà púpọ̀. Mo tú àpò náà kí n wò ó bóyá eku kò ti wọ inú rẹ̀. Òórùn tó jáde níbẹ̀ dà bí ti ilé ọlọ́mọ tuntun tí wọn ò ṣí fèrèsé rẹ̀. Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí àmì wàrà, mo rí epo, mo rí ìtọ̀ tó ti gbẹ di pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo ro àwọn àgbà tó ń bọ̀ wá dán ọmọ mi wò, tí wọn á wọ kóòtù wá. Mo ro àwọn obìnrin tó ni aṣọ wọ̀nyí, tí a fẹ́ gbé ìdọ̀tí wọn kọ́ sí gbangba. Ìyá mi kọ́ mi láti kékeré pé bí ènìyàn bá yá ọ láṣọ, fífọ̀ ni wàá fọ̀ ọ́ kó o tó mú un jáde, fífọ̀ ni wàá sì tún fọ̀ ọ́ kó o tó dá a padà. Mo ní ọmọ yìí ti há mọ́ ìwé kíkọ ni, kò ráyè fọ̀ wọ́n. Jẹ́ kí n bá a ṣe é.

Ọmọ mi ti fi píìnì so bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti àdúgbò rẹ̀ síbẹ̀. Mo yọ àwọn bébà náà, mo tò wọ́n sórí tábìlì ní ìtẹ̀léra, kí wọ́n má bàa dà rú. Mo rẹ àwọn ọ̀já náà sínú bàsíà mẹ́ta, mo pín wọn sí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí àti èyí tí kì í ṣí. Èyí tó fún mi níṣẹ́ jù ni ọ̀já búlúù kan tí àbàwọ́n àgbo wà láàárín rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi méjì. Àgbo kì í fẹ́ kúrò lára aṣọ. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa á, mo sá a sóòrùn, mo tún fọ̀ ọ́, mo tún pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó lọ tán. Inú mi dùn sí ìyẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Nígbà tí mo lọ̀ wọ́n tán, mo ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, mo fi píìnì so bébà oníkálukú padà mọ́ ọn. Bébà kan ò ṣìnà.

Ní ọjọ́ Ajé ọmọ mi dé. Ó tú àpò náà. N kò sí nínú yàrá, mo wà níwájú ilé tí mo ń kó aṣọ tó gbẹ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Mọ́mì.”

Mo wọlé. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ọ̀já kan sí imú.

“Mọ́mì, kí ni ẹ fọ̀ wọ́n fún?”

Mo ní, “Wọ́n dọ̀tí.”

Ó wò mí, ó ń wò mí ṣáá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ kankan nínú ni. “Gbogbo wọn? Ẹ tún lọ̀ wọ́n. Ẹ ò wò ó, ẹ tún lọ̀ wọ́n!” Ó na ọ̀kan, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tuntun. Ojú kókó tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan ti lọ. Ìgbà náà ni agbádá funfun yẹn padà wá sí mi lọ́kàn, àti ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ lórí rẹ̀. Mo jókòó tì í.

Ó ní ọ̀já mẹ́rìnlá péré ni òun ti ya fọ́tò wọn. Ó pe olùkọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà nínú fóònù, kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní ẹni tó ń bọ̀ láti yunifásítì mìíràn wá dán wọn wò ti gba ọjọ́, kò sí bí wọ́n ṣe lè yí i padà. Ó ní kí ọmọ mi ro ohun tó lè ṣe láàárín ọjọ́ mọ́kànlá.

Ọjọ́ yẹn, ọmọ mi ò bá mi jẹun. Bó bá pariwo lé mi lórí, ì bá sàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Mo ní ìdọ̀tí náà ti lọ, kò lè padà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni aṣọ, mo mọ ohun tó ń mú kó ká. Ooru ara ni, àti òógùn, àti ìwúwo. Bí àwọn tó ni wọ́n bá gbá wọn padà, tí wọ́n wọ̀ wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mẹ́fà méje, ọwọ́ wọn á so kókó náà sí ibi tó máa ń so ó sí. Ọwọ́ kì í gbàgbé.

Ó ní, “Ta ló máa lọ sọ fún wọn?”

Mo ní, “Èmi tí mo fọ̀ ọ́.”

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ná mi. N kì í lọ sílé onílé. Ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ìlà ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Mo gbé àpò náà, mo ti Ìgàndó bẹ̀rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni mo ń sọ: èmi ni ìyá ọmọ tó gba ọ̀já lọ́wọ́ yín, mo ṣèèṣì fọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé nǹkan sẹ́yìn, kí ẹ gbá a padà fún ọjọ́ mẹ́fà, ọmọ mi á wá gbà á.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tilẹ̀ rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìyá kan ní Ìkòtún na ọ̀já rẹ̀, ó ní, “Ha! Ẹ ṣé gan-an, mà. Ojú ti ń tì mí láti ọjọ́ tí mo ti fún un ní ìdọ̀tí yẹn. Ẹ bá mi lọ̀ ọ́ pàápàá!” Òmíràn bi mí bóyá mo lè bá a fọ kọ́tìnnì bákan náà. Obìnrin kan fi tirẹ̀ pọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Òmíràn tí kò ní ọmọ kékeré nílé mọ́ gbé gàrí kóńgò márùn-ún pọ̀n, ọkọ rẹ̀ sì ń bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa sọ gàrí náà lórúkọ. Ìyá arúgbó kan ní Ìdímù fi ìrọ̀rí sẹ́yìn, ó gbá a. Bó ṣe so ó tán, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó ń fọwọ́ lu ìdí ìrọ̀rí náà jẹ́jẹ́. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo yí ojú mi sí ibòmíràn.

Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹta, mo ti pín ọgbọ̀n. Ó ku búlúù yẹn.

Ẹni tó ni ín ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ẹ̀rọ náà ń pariwo nígbà tí mo dé, ó ń ti ata bọ inú rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà. Ata dà?”

Mo ní, “N kò gbé ata wá. Èmi ni ìyá ọmọ tó gba ọ̀já lọ́wọ́ yín.”

Ó pa ẹ̀rọ náà. Ojú rẹ̀ tàn. “Ẹ̀yin lẹ bí ọ̀rẹ́ mi! Ó jókòó síbí fún odidi wákàtí kan tó ń gbọ́rọ̀ mi. Ṣé wọ́n ti dán an wò?”

Mo na ọ̀já náà sí i. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tú ọ̀já náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó dúró sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Ó ń wá nǹkan kan. Mo mọ ohun tí ó ń wá kó tó sọ̀rọ̀.

“Ibí yìí ni ó wà,” ó ní. “Àgbo tó bì sí mi lẹ́yìn ni, láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń gbé e lọ sí ọsibítù. N kò pọ̀n ọ́n padà wálé.”

Mo tẹ̀ síwájú, mo wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.

“Ó di ọdún mẹ́fà tí n kò jẹ́ kí omi kàn án. Ọmọ yín ló ní nǹkan kan ò ní ṣe é. Ó ní àwọn ènìyàn máa dúró, wọn á wò ó. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí àwọn náà rí i pé mo bímọ.”

Mo kúnlẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù nítorí omi ata. Ó ní, “Ẹ dìde, mà, ẹ̀yin náà àgbà ni.” Ó gbé ọ̀já náà sí imú, ó sì nà án padà sí mi. “Ẹ máa mú un lọ. Ọṣẹ yín ló ń rùn. Kì í ṣe tèmi mọ́.” Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ọmọ mi, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní òun máa gbé e kọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló máa sọ pé ó jẹ́? Ó ní, “Mọ́mì, mo ṣèlérí fún un pé wọ́n máa dúró wò ó. Bí wọ́n bá bi mí, òótọ́ ni mo máa sọ. Ṣé ẹ lè gbà bẹ́ẹ̀?” Òótọ́ yẹn, èmi ni. Mo ní mo gbà.

Mo bá a lọ ní ọjọ́ ìdánwò náà. Mo jókòó sórí àga kan lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ọgbọ̀n ọ̀já ló ká lára ògiri, kókó wọn ti padà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló le bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín wọn, ojú ibi tí mo ká a sí mẹ́rin ṣì hàn lára rẹ̀ ketekete. Àwọn olùdánwò mẹ́ta ni wọ́n wọlé. Ẹni tó wá láti yunifásítì mìíràn jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó kọjá níwájú àwọn yòókù, ó dé ọ̀dọ̀ búlúù, ó dúró.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ó ní kí ló dé tí èyí fi mọ́ tó báyìí.

Ọmọ mi ní, “Alágbàfọ̀ ni ìyá mi, òun ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ó fọ̀ ọ́, àbàwọ́n kan wà níbẹ̀ tí ó yọ. Àbàwọ́n yẹn ni ohun ìkẹyìn tí ọmọ náà fi sílẹ̀ lára ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò gbà á padà mọ́.”

Obìnrin náà wo ọ̀já náà pẹ́ ju bó ṣe wo gbogbo ìyókù lọ. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó tún wò ó, ó tún kọ. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ó dúró lọ́dọ̀ mi, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà.” Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ìkíni ni tàbí ìbáwí.

Ọmọ mi yege. Wọ́n ní kó tún orí kan kọ nínú ìwé rẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ fífọ̀ náà sí i. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un nínú fóònù pé ọ̀já búlúù yẹn ló gbé iṣẹ́ náà dúró. Ó sọ ọ́ fún mi, ó rò pé ara á tù mí. Mo ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo wọ yàrá, mo jókòó, n kò mọ ibi tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ náà sí nínú ara mi. Ọmọ mi gboyè. Ẹlòmíràn ló sì ti pàdánù ohun tó gbé e dé ibẹ̀, ọwọ́ mi yìí ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a ti dá ọgbọ̀n padà fún àwọn tó ni wọ́n, mo mú búlúù náà lọ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ọmọ mi fẹ́ bá mi lọ, mo ní rárá. Àwọn mẹ́rin ló wà lórí ìlà pẹ̀lú ata wọn. Mo dúró sẹ́yìn wọn. Nígbà tó kàn mí, obìnrin náà rí mi, kò pa ẹ̀rọ náà, ó kàn dáwọ́ dúró. Mo nà án sí i. Ó gbà á, ó gbé e sí imú.

“Ọṣẹ ṣì ni,” ó ní.

Mo ní, “Wọ́n dúró wò ó. Obìnrin àgbà kan wò ó pẹ́ ju gbogbo ìyókù lọ.”

“Kí ló rí níbẹ̀?”

“Kò rí nǹkan kan. Ọmọ mi ló sọ fún un.”

“Ó sọ pé mo bímọ?”

“Ó sọ ọ́.”

Ó mi orí díẹ̀. Ó gbọn ọ̀já náà títí ojú ibi tí mo ká a sí mẹ́rin fi tú, ó gbá a mọ́ ìdí, ó so kókó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì láìwò ó. Kò wojú mi mọ́. Ó gba ike ata lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn mi, ó dà á sínú ẹ̀rọ, omi ata sì ta sí i lára. Ó ta sí ọ̀já náà, ní iwájú, pupa lórí búlúù. Bí èèyàn bá tètè fi omi tútù sí i, kì í wọnú aṣọ. Ọwọ́ mi ti nà díẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo fà á padà, mo fi í sẹ́yìn, mo kí i pé ó dàbọ̀, mo lọ.